Ẹ Má Pa Ojú Ewé Ìròyìn Rẹ́

Ní ìpàdé wa tí ó kọjá níhìn-ín ní Missouri City, àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ dá a lábàá pé kí á yọ ojú ewé ìròyìn tí à ń kọ ní èdè Yorùbá kúrò nínú ìwé ẹgbẹ́ wa, kí á sì fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ fún fọ́tò àwọn tí wọ́n bá ṣe ìnáwó. Ìdí mẹ́ta ni wọ́n mú wá. Wọ́n ní gbogbo wa ni a ní fóònù lọ́wọ́, kò sí ìròyìn tí a kì í ti gbọ́ kí ìwé ẹgbẹ́ tó jáde. Wọ́n ní ìròyìn ilé a máa fún àgbàlagbà ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n ní àwọn ọmọ wa kò lè ka Yorùbá. Nígbà tí mo nawọ́ pé mo fẹ́ fèsì, alága ní ilẹ̀ ti ṣú, ìrẹsì sì ti ń tutù. N kò bá alága jà, nítorí ebi ń pa èmi náà. Ṣùgbọ́n ìrẹsì ti tán láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ kò tí ì tán.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ọjọ́ mẹ́ta péré nínú oṣù kẹfà, ọdún 1994. Ẹ̀yin tí ẹ ti wà ní Houston nígbà náà, ẹ ó rántí ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹ̀yin tí ẹ kò tí ì dé, ẹ fara balẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 21 oṣù náà, Nàìjíríà gbá bọ́ọ̀lù Ife Àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí a ti dá orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀. Ní pápá Cotton Bowl ní Dallas ni, àwa àti Bulgaria. Àwa mẹ́rin ni a wọ ọkọ̀ kan láti Missouri City, lẹ́yìn tí a ti purọ́ fún àwọn ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ (kí Ọlọ́run dárí jì wá). Nígbà tí ó di ìṣẹ́jú 21, Ràṣídì Yẹkínì ti bọ́ọ̀lù sínú ilé. Ó sáré wọ inú àwọ̀n lọ, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ ojú àwọ̀n, ó ń sunkún, ó ń kígbe. Ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí gbé mi sókè. Amokachi gbá ìkejì wọlé, Amunike gbá ìkẹta. Mẹ́ta sí òdo ni a fi lù wọ́n.

Ní ọjọ́ kejì, Ọjọ́rú, ọjọ́ 22, a ti padà dé ilé. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ní gbọ̀ngàn Summit tí ó wà létí ọ̀nà márosẹ̀ 59, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Rockets ti Houston fi 90 sí 84 lu àwọn Knicks ti New York, wọ́n sì gba ife básíkẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ta ni ó ṣíwájú wọn? Hakeem Ọlájuwọ́n, ọmọ Èkó, ọmọ àwọn tí wọ́n ń ta sìmẹ́ńtì. Ayò 25 ni òun nìkan jù wọlé ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ní ọdún kan ṣoṣo yẹn, òun ni wọ́n dárúkọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó pegedé jù lọ láàárín ọdún, òun ni wọ́n pè ní ẹni tí ó mọ ilé ṣọ́ jù, òun náà ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn ìdíje àṣekágbá. Kò sí ẹlòmíràn tí ó tí ì kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lọ́dún kan náà. Òru ọjọ́ náà, fèrè ọkọ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn ní Houston.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 23, tẹlifóònù dún ní ilé wa. Ẹ̀gbọ́n mi ni, láti Èkó. Nígbà náà, ẹni tí ó bá pe Amẹ́ríkà láti ilé, ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, nítorí owó rẹ̀ kò kéré. Ohun tí ó kọ́kọ́ sọ ni pé, “Wọ́n ti mú bàbá lọ o.” Ẹsẹ̀ mi yẹ̀ nílẹ̀. Mo rò pé bàbá wa ni. Ó ní, “Rárá, Abíọ́lá ni. Àwọn ọlọ́pàá ti wá mú un nílé.” Mo dúpẹ́ pé kì í ṣe bàbá wa, lẹ́sẹ̀ kan náà ojú ara mi tì mí pé mo dúpẹ́. Ọdún kan gééré nìyẹn sí ọjọ́ tí Babangida fagi lé ìbò June 12. Abíọ́lá ti jáde ní Ẹ̀pẹ̀tẹ̀dó ní ọjọ́ 11 oṣù náà, ó ní òun ni Ààrẹ tí ará ìlú dìbò yàn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú un lọ yìí, kò padà wá sílé mọ́. Wọ́n pa ìyàwó rẹ̀ Kudirat ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà, ọdún 1996. Òun fúnra rẹ̀ kú sí àtìmọ́lé ní Àbújá ní ọjọ́ 7 oṣù keje, ọdún 1998, níbi tí òun àti àwọn aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà ti jókòó tí wọ́n ń sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta, orúkọ mẹ́ta. Yẹkínì, tí ìdílé rẹ̀ wá láti Ìrá ní Kwara, ní ọjọ́ 21. Ọlájuwọ́n ní ọjọ́ 22. Abíọ́lá, ọmọ Abẹ́òkúta, ní ọjọ́ 23. Èdè kan náà ni ìyá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi rẹ̀ wọ́n lẹ́kún.

Báwo ni ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà ṣe to ìròyìn wọ̀nyí? N kò bá wọn wíjọ́, bí wọ́n ṣe ń tò ó nìyẹn. Ti Ọlájuwọ́n wà níwájú ìwé, ó tóbi bí àsíá. Ti Yẹkínì wà ní ẹ̀yìn, lọ́dọ̀ àwọn eléré ìdárayá. Ti Abíọ́lá wà ní inú lọ́hùn-ún, ìlà díẹ̀, láàárín ogun ilẹ̀ òkèèrè. Ọ̀rọ̀ pọ̀ lọ́jọ́ náà, ká má parọ́. Ọjọ́ 22 yẹn gan-an ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí i pé kí àwọn ọmọ ogun Faransé wọ Rwanda, níbi tí wọ́n ti ń pa àwọn Tutsi láti oṣù kẹrin. Ọjọ́ náà ni Andrés Escobar ará Kòlóńbíà ṣèèṣì gbá bọ́ọ̀lù sínú ilé ara wọn nígbà tí wọ́n pàdé Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá wọ́n yìnbọn pa á ní ìlú rẹ̀. Ní ọjọ́ 17 pàápàá, nígbà tí Rockets ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ní New York, tẹlifíṣọ̀n pín ojú ara rẹ̀ sí méjì: básíkẹ́ẹ̀tì ní apá kan, àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n ń lé ọkọ̀ O. J. Simpson ní apá kejì. Bí ayé ṣe rí ní ọ̀sẹ̀ náà nìyẹn. Ẹkún àti ẹ̀rín wà nínú àwo kan náà, ẹni tí ó bu ú kò sì yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí tí ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà kankan kò lè sọ fún yín. Yẹkínì tí ó sunkún nínú àwọ̀n ní Dallas, Abiola Babes ti Abẹ́òkúta ni ó gbá bọ́ọ̀lù fún láti ọdún 1984 sí 1987, kí ó tó ré òkun kọjá. Ta ni ó ni Abiola Babes? Moshood Abíọ́lá ni. Ọkùnrin tí wọ́n mú ní Ọjọ́bọ̀ ni ó ti ń san owó oṣù fún ọmọkùnrin tí a torí rẹ̀ jó ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Òun náà ni ó ni Concord, tí ó ń tẹ Ìsọ̀kan jáde ní èdè Yorùbá, tí ìjọba Abacha sì ti pa ní oṣù yẹn kan náà. Ta ni ó yẹ kí ó so ọ̀rọ̀ wọ̀nyí pọ̀? Ṣé òyìnbó tí ó jókòó sí New York ni? Àwa ni. A kò sì so ó.

Mo sọ pé “àwa” nítorí pé mo wà nínú rẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà. Nígbà tí mo gbé tẹlifóònù sílẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ náà, ó wo ojú mi, ó bi mí ní Gẹ̀ẹ́sì bóyá ẹnìkan kú ni. Mo ní kò sí nǹkan kan, kí ó lọ máa wo bọ́ọ̀lù rẹ̀. Mo rò pé mo ń dáàbò bò ó.

Ní ọdún 2019, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ní Àyájọ́ Ìjọba Àwaarawa ní Nàìjíríà, ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sọ fún un pé ìsinmi ni ní Èkó, nítorí Abíọ́lá. Ó pè mí, ó ní, “Dádì, ta ni Abíọ́lá?” Ẹni ọdún 34 ni o! Ó mọ iye ayò tí Ọlájuwọ́n jù wọlé ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ìdíje àṣekágbá náà. Mo ṣàlàyé fún un, mo sọ ọjọ́ tí wọ́n mú un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ń ṣírò. Ó wá ní, “Ọjọ́ kejì tí Rockets gba ife? Mo wà nínú yàrá yẹn. Ẹ wà lórí fóònù.” N kò rí èsì fún un.

Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọ̀nà Southwest Freeway wọ Houston ní òròòwúrọ̀ ni ẹ ń kọjá lẹ́bàá ilé náà. Láti ọdún 2005 ni ó ti di ṣọ́ọ̀ṣì Lakewood. Ẹ ti fi han àwọn ọmọ yín rí pé ibẹ̀ ni Hakeem ti gba ife? Ó dára. Kí ni ẹ sọ tẹ̀ lé e?

Wọ́n ní fóònù wà. Mo mọ̀ pé ó wà, ó wà lápò èmi náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan báyìí mo ka ohun tí ó wọlé sínú rẹ̀ kí n tó fọ ẹnu: iye tí wọ́n ń ṣẹ́ náírà, ìran tí wòlíì kan rí, bọ́ọ̀lù tí ọmọ wa kan gbá wọlé ní Yúróòpù, iná tí ó ń jó ilé kan tí ẹni tí ó fi ránṣẹ́ kò mọ ìlú tí ilé náà wà, ọjọ́ ìbí, ìkú, àdúrà, àti iná yẹn kan náà láti ọwọ́ ẹlòmíràn. Ta ni ó sọ fún mi nínú gbogbo wọn pé èyí òótọ́ ni, èyí irọ́ ni, èyí kàn ọ́, èyí kò kàn ọ́? Fóònù a máa da ìròyìn sílẹ̀ bí àgbàdo tí wọ́n tú láti inú àpò, tòun ti òkúta. Iṣẹ́ ojú ewé ìròyìn ni kí ó ṣà á. Bí ó bá jẹ́ pé a ti gbọ́ ohun gbogbo lóòótọ́, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Ní oṣù kejì ọdún 2025, Babangida jẹ́wọ́ nínú ìwé tí ó kọ nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀ pé Abíọ́lá ni ó borí nínú ìbò 1993. Ó tó ọdún 31 kí ó tó ti ẹnu rẹ̀ jáde. Gbogbo fóònù wa ni ó dún lọ́jọ́ náà. Ilé mélòó nínú ẹgbẹ́ wa ni òbí ti pe ọmọ jókòó, tí ó ní, “Wá gbọ́ ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́wọ́”?

Ti ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́? Àwọn tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀, mo mọ ilé wọn. Títí di òru ni wọ́n ń wo àwọn olóṣèlú Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pariwo mọ́ ara wọn lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀jẹ̀ wọn kì í sì í ru. Ohun tí èmi rí ni pé ìròyìn tí ènìyàn dá nìkan gbọ́, tí kò rí ẹni bá sọ ọ́, òun ni ó ń pa ènìyàn. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, wọ́n pa ọba méjì ní Èkìtì ní ojú ọ̀nà. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n jí àwọn ọmọ iléèwé kéékèèké àti àwọn olùkọ́ wọn gbé ní Ẹ̀múré-Èkìtì. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa, ọmọ Èkìtì, gbọ́ ọ nínú ọkọ̀ rẹ̀ níbi tí ó ti ń lọ síbi iṣẹ́ òru. Ó wá sí ìpàdé wa lẹ́yìn èyí. Kí ni a sọ ní ìpàdé náà? Bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà ni a sọ, bóyá Super Eagles yóò gba ife ní Abidjan. (Wọn kò gbà á. Côte d'Ivoire fi méjì sí ẹyọ kan lù wá ní ọjọ́ 11 oṣù kejì.) Ìyá náà jókòó títí, ó jẹun, ó lọ sílé. Ó pẹ́ kí ó tó sọ fún ìyàwó mi pé òun rò pé àwọn ènìyàn òun kò jámọ́ nǹkan kan lójú wa. Bí ojú ewé ìròyìn wa bá ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀, tí ó wà lórí tábìlì lọ́jọ́ náà, tí a fi ọ̀rọ̀ Èkìtì síwájú bọ́ọ̀lù, ẹnìkan ì bá ti dìde kí í. N kò sọ pé kí á má sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Èmi tí mo purọ́ fún ọ̀gá mi nítorí Dallas!

Ó ku ti àwọn ọmọ, àti èdè. Wọ́n ní kí á kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì bí a bá fẹ́ kí wọ́n kà á. Ṣé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì ni ó wọ́n àwọn ọmọ wa? Inú rẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Kì í sì í ṣe àwọn ọmọ nìkan ni ó wà nínú ilé. Nígbà tí ìjì líle Beryl ń bọ̀ ní oṣù keje ọdún 2024, ìyá ìyàwó mi wà lọ́dọ̀ wa, ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò kọjá “good morning.” Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi wo ìròyìn ìjì náà, tí a ń ra omi, tí a ń ra búrẹ́dì, tí a ń bá àwọn ọmọ sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ẹni tí ó rántí sọ fún Màmá. Wọ́n rò pé ìnáwó ni a fẹ́ ṣe. Nígbà tí atẹ́gùn dé ní àárọ̀ ọjọ́ 8, tí igi ń ya, tí iná lọ, Màmá dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ń ké pe Ọlọ́run. Ilé tí ó lé ní mílíọ̀nù méjì ni kò ní iná ní gbogbo agbègbè Houston. Ní ọjọ́ kẹta, nínú ooru, Màmá ní NEPA ti tẹ̀ lé àwọn dé Amẹ́ríkà. A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ojú wọn rí ní àárọ̀ ọjọ́ náà, àṣìṣe ta ni? Àwa tí a mọ̀ ni a kò sọ. Ọmọ tí ó bá lè ka ìlà mẹ́wàá ìròyìn ní Yorùbá ni ó lè jókòó ti ìyá ìyá rẹ̀ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kí ó ní, “Màmá, ìjì ń bọ̀ ní ọ̀la, ẹ má bẹ̀rù, ohun tí a ó ṣe nìyí.”

Ẹ sì wo àwọn tí wọ́n ṣe é ṣáájú wa. Ọdún 1859 ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní Abẹ́òkúta, nígbà tí àwọn tí wọ́n mọ̀wé kà kò ju díẹ̀ lọ. Kò dúró de ìgbà tí gbogbo ènìyàn bá mọ̀wé; ìwé ìròyìn náà wà lára ohun tí ó ń mú kí wọ́n fẹ́ mọ̀ ọ́n. Aláròyé ń jáde láti ọdún 1996, àwọn ọlọ́kadà sì ń kà á. Ní ọdún 2018, BBC ní London rí i pé ó yẹ kí àwọn dá ìròyìn Yorùbá sílẹ̀. Àwọn òyìnbó ṣílẹ̀kùn, àwa Yorùbá Missouri City fẹ́ ti tiwa.

Mo gbà pé ojú ewé náà kò dára tó bí ó ṣe wà. Èmi náà wà lára àwọn tí wọ́n ń kọ ọ́, mo lè sọ ọ́. Ohun tí ó ti pẹ́ ni a máa ń tẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi joyè àti ẹni tí ó yí ẹgbẹ́ òṣèlú padà ní Àbújá ni ó kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ní ọdún 2020, àwọn ará ìlú yìí yan Robin Elackatt, ẹni tí orírun rẹ̀ jẹ́ Kerala ní Íńdíà, ní méyọ̀ Missouri City. A kò kọ ìlà kan nípa rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kò bi ara wa léèrè bí àwọn aládùúgbò wa ṣe ṣe é. Ó yẹ kí omi tí ó wọ ilé ní Fort Bend wà níbẹ̀, àti iléèwé àwọn ọmọ wa, àti bọ́ọ̀lù, àti ogun ilẹ̀ òkèèrè, àti ẹni tí ó ń ṣàìsàn ní òpópónà kejì. Kí ó kúrú. Kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ rọrùn. Kí ọmọ kan máa kà á sókè kí á tó jẹun.

A ó dìbò lé ọ̀rọ̀ yìí lórí ní ìpàdé tí ń bọ̀. Mo ti bá alága sọ ọ́, wọ́n ti fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún, kí wọ́n tó gbé oúnjẹ kalẹ̀ ni lọ́tẹ̀ yìí. N kò ní sọ̀rọ̀. Ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ni yóò dìde. Òun àti bàbá rẹ̀ ti ń jókòó sídìí ìwé náà láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta: Dallas ní ọjọ́ 21, Summit ní ọjọ́ 22, Èkó ní ọjọ́ 23. Ó ṣì ń kọsẹ̀ lórí “àtìmọ́lé.” Bàbá rẹ̀ náà ń kọsẹ̀ níbẹ̀.